Òkè tó yọ lórí kòrómósóòmù keje

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá díẹ̀ nígbà tí àbúrò wa fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Kò kọ ju "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo èyí" lọ. Mo wà nílé ní Madalla, wọ́n ti mú iná lọ láti ìrọ̀lẹ́, bátìrì fóònù mi sì ti ń lọ sópin, àmọ́ mo ṣí i. Kòrómósóòmù keje ni, ọ̀kan nínú àwọn okùn DNA inú sẹ́ẹ̀lì, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbogbo rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ àfi ojú kan, níbi tí jíìnì EGFR wà. Ibẹ̀ ni òpó kan ti nà ró gangan bí ẹni pé ó fẹ́ yọ kúrò nínú fóònù. Kí n tó sọ̀rọ̀, ìkejì wọlé: "SOX2 ló jókòó síbẹ̀ o. Ẹ̀gbọ́n, a ti rí i!" SOX2 ni purotéènì tí à ń wá ibi tó ń jókòó sí lára DNA.

Mi ò dá a lóhùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kì í ṣe pé mo ti fura. Inú èmi náà dùn ni, oorun sì ń kùn mí. Ó ti lé lọ́dún kan tí a ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí nínú láàbù kékeré kan ní Àbújá, àwa mélòó kan tí Yorùbá pọ̀ nínú wa débi pé èdè wa la fi ń jà nídìí ẹ̀rọ. Àbúrò ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ni iṣẹ́ náà, èmi ni mo ń bójú tó ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, Prof sì ni ìyá gbogbo wa níbẹ̀. Mi ò ní dárúkọ láàbù, mi ò sì ní dárúkọ ènìyàn. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé ẹni tó bá ń wo sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lọ́nà tí a gbà wò ó kò lè ṣàì gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀fìn tí a bọ́ sí kọjá.

Glioblastoma ni jẹjẹrẹ náà. Nínú àwọn jẹjẹrẹ tó ń ti inú ọpọlọ àgbàlagbà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, òun wà lára àwọn tó burú jù, òun ló sì wọ́pọ̀ jù nínú àwọn tó burú. Bí oníṣẹ́ abẹ bá gé e, ó máa ń padà. Ọ̀pọ̀ olùwádìí gbà pé sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ tó ń hùwà bí irúgbìn nínú rẹ̀ wà lára ohun tó ń mú un hù padà. Ohun tó sì mú irúgbìn yàtọ̀ sí sẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni jíìnì tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó sùn. Àwọn purotéènì kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n jókòó sára DNA lójú ibi pàtó, kí wọ́n jí jíìnì kan tàbí kí wọ́n pa á lẹ́nu mọ́. Transcription factor ni orúkọ wọn nínú ìwé. Ní láàbù wa, "alákòóso" là ń pè wọ́n.

Ní 2014, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé alákòóso mẹ́rin péré, SOX2, OLIG2, POU3F2 àti SALL2, tó láti sọ sẹ́ẹ̀lì glioblastoma tó ti gbàgbé ìwà irúgbìn di irúgbìn padà. SOX2 yìí kan náà wà lára mẹ́rin tí Shinya Yamanaka lò ní 2006 láti dá sẹ́ẹ̀lì eku tó ti dàgbà padà sí ipò tó jọ ti ọlẹ̀. Ìbéèrè àbúrò wa kò wá le lẹ́nu rárá: nínú sẹ́ẹ̀lì glioblastoma tó wà lọ́wọ́ wa, ibo gan-an ni SOX2 ń jókòó sí lára DNA?

ChIP-seq la yàn láti fi wá a. Bí ẹ bá fẹ́ mọ àga tí ẹnì kan jókòó lé nínú gbọ̀ngàn tó kún, ẹ da àtè sílẹ̀ kí gbogbo wọn lẹ̀ mọ́ àga, ẹ fọ́ àga sí wẹ́wẹ́, kí ẹ wá fa ẹni tí ẹ ń wá jáde pẹ̀lú ègé àga tó lẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Fọ́málìn ni àtè. Ẹ̀rọ sonicator ló ń fi ìró fọ́ DNA. Antibody, purotéènì tó máa ń dì mọ́ ohun kan pàtó, ló ń fa SOX2 jáde, ẹ̀rọ tó ń ka DNA á sì sọ ibi tí ègé kọ̀ọ̀kan ti wá. Níbi tí ègé bá ti kó jọ pelemọ, ṣóńṣó là ń pe ibẹ̀. Ohun kan tún wà tó yẹ kí wọ́n kà pẹ̀lú rẹ̀: DNA fífọ́ láti inú sẹ́ẹ̀lì kan náà, èyí tí antibody kò tíì kàn. Input là ń pè é. Òun ló ń sọ bí ilẹ̀ ṣe rí kí ẹnikẹ́ni tó kọ́lé sórí rẹ̀. Gbogbo ìyà tó jẹ wa, orí input ló dá lé.

Oṣù mẹ́fà láìsí nǹkan kan

U87 la kọ́kọ́ lò nítorí òun ló wà nílẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí gbogbo ayé ń lò ni, ó sì ní ìtàn. Ní 2016, àwọn ará Uppsala ní Sweden, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá a sílẹ̀, fi DNA hàn pé U87 tó gba ọjà kan kì í ṣe ti aláìsàn tí wọ́n sọ pé wọ́n mú un lára rẹ̀. Ó jọ pé jẹjẹrẹ ọpọlọ ni lóòótọ́, àmọ́ ti ta ni, ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ìyẹn kọ́ ló dá wa dúró o. Serum ni, omi inú ẹ̀jẹ̀. Inú oúnjẹ tó ní serum màlúù la ti ń tọ́ wọn, serum sì máa ń mú irú sẹ́ẹ̀lì yìí dàgbà kúrò nínú ìwà irúgbìn. Nígbà tí àbúrò ṣe Western blot, ìdánwò tó ń fi purotéènì hàn gẹ́gẹ́ bí ìwúwo wọn, ojú ibi tí SOX2 yẹ kó wà, ní nǹkan bí 35 kDa, fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ gaara. Ẹni tí kò sí nílé, antibody wo ló máa fà á jáde?

Ọ̀rẹ́ Prof kan lókè òkun ló gbà wá. Ó fi sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n mú tààrà lára aláìsàn ránṣẹ́, irú èyí tí wọ́n ń tọ́ láìsí serum, tó jẹ́ EGF àti FGF2, èròjà tó ń mú sẹ́ẹ̀lì dàgbà, ni wọ́n ń fún un. Wọn kì í lẹ̀ mọ́ ìdí abọ́. Wọ́n ń kó jọ ní róbótó róbótó bí gàrí tó dì kókó nínú omi tútù. Lórí blot tiwọn, SOX2 dúdú kirikiri.

Lẹ́yìn náà ni àtè wá le jù. Ìlànà tí gbogbo ènìyàn ń tẹ̀ lé ni fọ́málìn 1% fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí á sì fi glycine dá a dúró. Ìgò fọ́málìn tiwa ti wà ní ṣíṣí tipẹ́, nǹkan funfun ti sẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Àbúrò rò pé agbára rẹ̀ ti dín kù, ó bá fi ìṣẹ́jú kún un. DNA kọ̀, kò fọ́ mọ́. Lórí jẹ́ẹ̀lì tí a fi ń wo gígùn DNA, ibi tó yẹ kí a ti rí èéfín láàárín 200 sí 500 lẹ́tà DNA, a ò rí nǹkan kan. Òkè lọ́hùn-ún ni gbogbo rẹ̀ jókòó sí bí èrò tó kọ̀ láti sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò. A ra èyí tí wọ́n dí pa sínú ìgò kéékèèké, tí wọ́n ń ṣí lójú ẹsẹ̀, a sì padà sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ó dára lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún bàjẹ́. Ọjọ́bọ̀ dára, ọjọ́ Ẹtì bàjẹ́. A yí yìnyín, a yí túùbù, a yí ẹni tó ń ṣe é. Mẹ́gádì wa, bàbá Hausa kan tí kò mọ ohun tí DNA jẹ́, ló tú àṣírí náà. Ó ní kí ni ẹ máa ń ṣe lókè tó jẹ́ pé bí jẹnẹrétọ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́, gílóòbù yàrá òun á máa ṣẹ́jú, á ṣẹ́jú, á dákẹ́, á tún ṣẹ́jú? Ó ṣe é fún wa pẹ̀lú ojú rẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá ní títàn, ọgbọ̀n ní pípa: bí a ṣe ń lo sonicator gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ wa ti dàgbà. Nígbà tó bá ń jẹ iná ìjọba, ó lágbára. Nígbà tó bá ń jẹ ti jẹnẹrétọ̀, iná ń wọlẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ìró tó ń sọ sínú túùbù ń rọ, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀ kò yí padà. Wọ́n gbé e sórí inverter àti sìtẹ̀bìláísà, ọ̀rọ̀ tán. Mo ti rí ènìyàn tó fi ọdún kan bú antibody lórí irú nǹkan báyìí.

Kí á tó náwó sí kíkà, a fi qPCR, ìdánwò tó ń wọn iye DNA ojú ibi kan, yẹ ojú méjì wò. Ọ̀kan ni intron kejì (apá kan nínú) jíìnì nestin, níbi tí ìwé ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé SOX2 máa ń jókòó nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń di ọpọlọ. Èkejì jẹ́ aginjù tí jíìnì kan ò sí nítòsí rẹ̀. Ti nestin ga dáadáa ju ti aginjù lọ, IgG, antibody tí kò wá SOX2, sì dákẹ́ níbi méjèèjì. Prof pàápàá rẹ́rìn-ín.

Owó

Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ wò mí dáadáa, nítorí èmi ni mo dá a lábàá.

Túùbù mẹ́rin ló yẹ kó lọ sókè òkun fún kíkà: ChIP méjì (DNA tí antibody fà jáde), input méjì. Kí ìwé owó tó jáde, dọ́là ti sáré kọjá ohun tí wọ́n fún wa. Prof ní kí á wá nǹkan ṣe sí i. Mo ní, "Prof, input ò ṣòro mà. Ọ̀fẹ́ ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú àkójọ ENCODE, ti astrocyte wà níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ náà ni. Ẹ jẹ́ kí á fi ìyẹn ṣe ilẹ̀, kí á fi owó wa ka ChIP kó jinlẹ̀." Ó wò mí títí. Ó bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú mà. Bí a ṣe fi ChIP méjì ránṣẹ́ nìyẹn. Túùbù input, tí a ti yọ sílẹ̀ nítorí qPCR, padà sínú fìrísà pẹ̀lú orúkọ lára rẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé kì í ṣe àìmọ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kì í ní ẹ̀dà DNA méjì-méjì bí ti ọmọlúàbí. Nínú iye glioblastoma tó sún mọ́ ìdajì, jíìnì EGFR ti di púpọ̀ lẹ́dà, ó lè tó mẹ́wàá lọ́nà púpọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì kan, tí òmíràn á tilẹ̀ já kúrò lára kòrómósóòmù tí á di òrùka kéékèèké tó ń dá rìn. Kòrómósóòmù keje máa ń lé, ìkẹwàá máa ń dín. Ó wọ́pọ̀ débi pé ní 2021, àjọ WHO sọ ọ́ di ara àmì tí wọ́n fi ń dá glioblastoma mọ̀. Gbogbo èyí wà nínú ojú ewé kẹta ìgbékalẹ̀ àbúrò, pẹ̀lú àwòrán aláwọ̀ mèremère. A kà á fún àwọn àgbà, wọ́n pàtẹ́wọ́, a sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì

Mo dé láàbù ṣáájú àbúrò. Mo ṣí fáìlì náà lórí kọ̀ǹpútà ńlá, mo sì sún mọ́ òkè yẹn. Lórí fóònù, gbogbo kòrómósóòmù, tó lé ní mílíọ̀nù 150 lẹ́tà, ló há sínú ìka mẹ́rin. Ohunkóhun tó bá ga níbẹ̀ á dà bí abẹ́rẹ́. Ṣóńṣó alákòóso tòótọ́ kì í fẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún lẹ́tà mélòó kan lọ: á gòkè, á dé orí, á sọ̀. Mo ń sún mọ́ ọn, mo ń retí kó ṣe bẹ́ẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń fẹ̀ sí i ni. Ìgbà tí mo máa fi dúró, ohun tó wà níwájú mi fẹ̀ ju mílíọ̀nù kan lẹ́tà lọ, orí rẹ̀ tẹ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì rọ́ lulẹ̀ gbọọrọ. Òkúta Zuma ni, èyí tí mò ń rí ní gbogbo òwúrọ̀ kí n tó wọ mọ́tò.

Síbẹ̀ mi ò tíì gbà. Mo ní ó lè jẹ́ pé SOX2 pọ̀ níbẹ̀ ni. Ohun tó là mí lójú wà níbòmíràn. Mo lọ sí kòrómósóòmù kẹsàn-án, mi ò lè sọ ìdí rẹ̀ gan-an, bóyá àṣà ni. Ní apá kúkúrú rẹ̀, níbi tí jíìnì CDKN2A wà, ihò wà. Mi ò sọ pé ṣóńṣó ò sí níbẹ̀ o. Kò sí nǹkan kan rárá. Ní ibi gbogbo nínú ChIP, kódà nínú aginjù, ègé kọ̀ọ̀kan á ṣì máa já síhìn-ín já sọ́hùn-ún bí eruku ọyẹ́ lórí tábìlì, nítorí antibody kì í mọ́ tán. Níbí, eruku kò sí. Tábìlì fúnra rẹ̀ ni kò sí. Sẹ́ẹ̀lì wa ti pàdánù ibẹ̀ pátápátá, bó ṣe wọ́pọ̀ nínú glioblastoma. Nínú input astrocyte tí mo gbé kalẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ègé kún ibẹ̀ bámúbámú.

Ìgbà yẹn ni ara mi tutù. Bí àìsí DNA bá lè gbẹ́ ihò sínú àwòrán wa, àpọ̀jù DNA náà lè mọ òkè síbẹ̀.

Ohun kẹta tí mo wò ni ojú tí àwọn ègé kọ sí. Lábẹ́ ṣóńṣó tòótọ́, àwọn tí ẹ̀rọ kà láti ọ̀tún àti àwọn tó kà láti òsì kì í jókòó lójú kan. Apá kan á kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ yìí, èkejì sí ẹ̀gbẹ́ kejì, alákòóso á wà láàárín wọn, àlàfo tó wà láàárín á sì tó gígùn ègé DNA kan. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní nestin. Lórí òkè EGFR, méjèèjì dàpọ̀ mọ́ra wọn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Kò sí ẹni tó jókòó láàárín.

Àbúrò wọlé pẹ̀lú búrẹ́dì àti ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó ti kọ àkótán iṣẹ́ náà lálẹ́ mọ́jú: SOX2 ló ń ti EGFR lẹ́yìn tààrà. Mo fi ihò yẹn hàn án kí n tó fi òkè hàn án. Ó dákẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti yọ blacklist kúrò." Òótọ́ ni, ó ti yọ ọ́. Àmọ́ blacklist jẹ́ àkójọ àwọn ojú ibi tó máa ń dójú ti ènìyàn nínú sẹ́ẹ̀lì oríṣiríṣi, bíi ibi tí DNA ti ń tún ara rẹ̀ sọ léraléra. Kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú jẹjẹrẹ ẹnì kan ṣoṣo. EGFR kò sí lára rẹ̀, kò sì yẹ kó wà lára rẹ̀. Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀, kò jẹ ẹ́ mọ́.

A jọ ṣí àkójọ ṣóńṣó. MACS, ètò kọ̀ǹpútà tó ń wá ṣóńṣó, ti gé òkè yẹn sí wẹ́wẹ́, ó sì pe ègé kọ̀ọ̀kan ní ṣóńṣó. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ibì kan lórí kòrómósóòmù kejìlá, ní àdúgbò jíìnì CDK4. Àwọn ni wọ́n kún òkè àkójọ náà. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà tí SOX2 fẹ́ràn láti jókòó lé, irú ACAATGG, fi wà nísàlẹ̀ nígbà tí a wá a, ohun tó yẹ kó ti kó wa láyà sókè ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. A rí i nígbà yẹn, a sì wá àwáwí fún un.

Ohun tí kò yé Prof

Nígbà tí a ròyìn fún Prof, kò bú wa. Ìbéèrè kan ló béèrè: bí a bá yọ input astrocyte yẹn kúrò, tí a ò fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Mo ní ó máa burú sí i mà. Ó ní, "Lọ dán an wò."

Mo dán an wò, ó dára sí i. Èyí yà mí lẹ́nu lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ìwé tí wọ́n fi gbé MACS jáde ní 2008 ti sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ń bi ara rẹ̀ ní ojú ibi kọ̀ọ̀kan ni pé: bí alákòóso ò bá sí níhìn-ín, ègé mélòó ló yẹ kí n rí? Bí ẹ bá fún un ní input, input yẹn ló máa gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Input astrocyte sọ fún un pé ilé ẹ̀dà méjì ni EGFR, ó sì gbà á gbọ́. Bí ẹ ò bá fún un ní nǹkan kan, á wo àdúgbò náà nínú ChIP fúnra rẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lẹ́tà yíká, á sì fi ìyẹn ṣe òṣùwọ̀n. Lórí òkè tó tẹ́ bí orí Zuma, gbogbo àdúgbò ló ga, nítorí náà kò sí ohun tó ta yọ. Ọ̀pọ̀ nínú ṣóńṣó kòrómósóòmù keje ló pòórá. Input sẹ́ẹ̀lì mìíràn tí mo fi ìgboyà dá lábàá ti ṣe wá ní ibi ju àìní input lọ. Àmọ́ kì í ṣe pé àìní input dára. Ó ní àwọn ibi tí DNA ti là sílẹ̀ gbayawu, tí ìró sonicator máa ń fọ́ ní ìrọ̀rùn, tí ègé fi ń pọ̀ níbẹ̀ yálà alákòóso wà tàbí kò sí. Input sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ nìkan ló lè tú ìyẹn fó.

Túùbù input ṣì wà nínú fìrísà. Owó ni kò sí. Àwa ará láàbù máa ń dá àjọ lóṣooṣù, Prof ló sì yẹ kó kó ti oṣù yẹn. Ó ní kí á fi ránṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ló béèrè ìbéèrè kejì, èyí tí mi ò retí. Ó bi àbúrò pé láti inú abọ́ wo ni ChIP kìíní ti wá, abọ́ wo sì ni ìkejì? Abọ́ kan náà ni. Ó ti fọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó wá pín in sí túùbù méjì. Prof, tó jẹ́ ìyá ìbejì, ní, "Táíwò àti Kẹ́hìndé lo mú wá jẹ́rìí sí ara wọn. Oyún kan náà ni. Lọ bí àbúrò wọn wá." Ó tọ́ sẹ́ẹ̀lì mìíràn, ó fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan sáàárín, ó tún gbogbo iṣẹ́ náà ṣe láti orí fọ́málìn, pẹ̀lú input tirẹ̀. Iṣẹ́ yìí gba àkókò ju gbogbo ohun tí mo ti kọ lọ, mi ò sì ní nǹkan púpọ̀ láti sọ nípa rẹ̀: ó kàn ṣe é dáadáa. Nígbà tí a fi IDR, òṣùwọ̀n bí ìdánwò méjì ṣe fohùn ṣọ̀kan, wé ti àkọ́kọ́ àti tuntun, ṣóńṣó tí wọ́n jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí kéré ju ti ìbejì lọ. Mo gba ìwọ̀nyẹn gbọ́.

Ohun tó kù

Nígbà tí input tiwa dé, mo kọ́kọ́ fi í ya bí DNA ṣe pọ̀ tó káàkiri, mílíọ̀nù lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jáde bí ìwé ẹ̀rí: kòrómósóòmù keje ga, òpó EGFR dúró lórí rẹ̀, CDK4 dúró lórí ìkejìlá, ìkẹwàá wọlẹ̀, CDKN2A jẹ́ ihò. A pe ṣóńṣó padà. Ní gbogbo àdúgbò EGFR, mẹ́ta péré ló kù, tín-ín-rín, wọ́n ní orí, ègé ọ̀tún àti tòsì pínyà lábẹ́ wọn, lẹ́tà SOX2 sì wà láàárín méjì nínú wọn. ACAATGG gòkè dé òkè àkójọ. Nestin kò yẹsẹ̀.

Ṣé SOX2 wá ń darí EGFR? A ò kọ bẹ́ẹ̀. Pé alákòóso jókòó sí ibì kan kò fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àfi kí á mú SOX2 kúrò, kí á wo ohun tí EGFR máa ṣe. Àbúrò ti bẹ̀rẹ̀ ìyẹn. Àkótán tó kọ lálẹ́ ọjọ́ kìíní ṣì wà lọ́wọ́ mi, ó ní kí n pa á rẹ́, mo kọ̀.

Àwọn kan ti bi mí pé ṣé kì í ṣe pé ChIP-seq ló ti gbó, kí á máa lo àwọn ọ̀nà tuntun bíi CUT&RUN tó jáde ní 2017 tàbí CUT&Tag ti 2019. Mo fẹ́ràn méjèèjì. Wọn ò gba sẹ́ẹ̀lì púpọ̀, ariwo wọn kéré, a ò nílò sonicator tí jẹnẹrétọ̀ á máa dà láàmú, iye ègé tí wọ́n ń fẹ́ sì kéré sí mílíọ̀nù 20 tí ENCODE ń béèrè fún ChIP alákòóso kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ẹ̀dà EGFR tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò ga nínú tiwọn náà. Èyí tó tún wá le níbẹ̀ ni pé IgG ni wọ́n fi ń ṣe òdiwọ̀n, ègé inú IgG sì máa ń kéré débi pé kò lè ya ilẹ̀ fún ènìyàn. Bí ẹ bá ń lò wọ́n lórí jẹjẹrẹ, ẹ ka DNA sẹ́ẹ̀lì yẹn lásán pẹ̀lú, kó má jinlẹ̀ rárá. Ó tó láti rí òkè àti ihò. Bó bá jẹ́ data ẹlòmíràn lẹ ń tún wò, tí input ò sí níbẹ̀, ẹ yọ ṣóńṣó kúrò nínú ChIP fúnra rẹ̀ kí ẹ ka eruku tó kù ní mílíọ̀nù lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń sọ òótọ́ tó pọ̀ ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Èmi kì í ṣí EGFR mọ́ kí n tó ṣí CDKN2A.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò tún fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi ní òru. Ṣóńṣó kékeré kan ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìnì tí mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, kò fẹ̀ ju ọọ́dúnrún lẹ́tà lọ, ìlà kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo èyí. Mo ti sún mọ́ ọn kí n tó fi ránṣẹ́. Input rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ yẹn."